Báwo ni Ìdí Bàbá Ṣe Jí? Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Lè Ṣe Ìwádìí Àbájáde ní Wọ́ọ̀dù Tirẹ̀

Ẹ tẹ́tí sí wa láàárọ̀ nígbà tá a bá ń fi wọ́ọ̀dù lé àwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́. "Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì 7, a yí wọn padà láago méjì, a tún yí wọn padà láago mẹ́rin. A ti fún wọn lábẹ́rẹ́. A ti da báàgì ìtọ̀ wọn nù." Iṣẹ́ ọwọ́ wa là ń kà yẹn, kò sì burú. Àmọ́ báwo ni ìdí Bàbá ṣe jí? Ṣé awọ ibẹ̀ ṣì pé? Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́, torí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ohun tá ò béèrè yẹn gan-an ni ìwádìí àbájáde ń béèrè. Avedis Donabedian, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ló pín ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sọ́nà mẹ́ta ní 1966, a ò sì tíì kúrò lórí ìpín yẹn dòní: ohun tó wà nílẹ̀ (bẹ́ẹ̀dì, fóòmù, iye nọ́ọ̀sì), ohun tá a fọwọ́ wa ṣe (yíyí aláìsàn padà, wíwẹ ojú ọgbẹ́), àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lára aláìsàn, ìyẹn àbájáde. Méjì àkọ́kọ́ ló máa ń kún inú ìwé wa. Ẹ̀kẹta ni aláìsàn torí ẹ̀ wá sílé ìwòsàn.

Egbò ìdùbúlẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bedsore, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló wà jù. Bí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bá kú, àwọn tọ́ràn kàn pọ̀: oníṣẹ́ abẹ, ẹni tó fún un lóògùn oorun, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀, òṣìṣẹ́ tó gbàgbé láti bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ìdí rẹ̀ ń dán nígbà tó wọlé bá ń fi eegun hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwa nìkan la máa jókòó síwájú ẹbí rẹ̀. Mo ti ṣe irú ìwádìí yìí rí ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. A ṣi í ṣe níbi púpọ̀, àwọn ibi tá a ti ṣi í ṣe ló sì kọ́ mi jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìbéèrè kan ṣoṣo

"Ipa ìtọ́jú nọ́ọ̀sì lórí ìlera àwọn aláìsàn." Àkọlé báyìí dùn ún gbọ́ létí ọ̀jọ̀gbọ́n, àmọ́ kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa kà á. Ẹ fún un pọ̀ títí tí yóò fi ṣeé fi ìka kà: nínú àwọn àgbàlagbà tó wọ wọ́ọ̀dù wa láìní egbò, tí wọn ò sì lè fúnra wọn yí padà, mélòó ló ní egbò tuntun kí wọ́n tó lọ? Ṣé iye yẹn á dín kù bá a bá ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, tí a sì ń yẹ awọ wọn wò ní gbogbo ìgbà tá a bá yí wọn?

Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí ìbéèrè nílò ti wà níbẹ̀. Àwọn wo ni, kí la fẹ́ ṣe, kí la fẹ́ fi wé, kí la máa kà, ìgbà wo la máa kà á dé. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún yìí bá sọnù nínú ìbéèrè yín, ẹ má tíì lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Bẹ́ ẹ bá ń wá ìbéèrè, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ láìmọ ìdí. Wọ́ọ̀dù mélòó ló wà tí wọn kì í ti fi omi kún ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí wọ́n so ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sábẹ́ gìgísẹ̀ aláìsàn? Àwọn àgbà iṣẹ́ ló kọ́ wa. Ìlànà àgbáyé lórí egbò ìdùbúlẹ̀ sì ti sọ pé ká má lò ó mọ́. Kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan rárá ló dáa jù, ká fi pílò gbé ojúgun sókè. Ìbọ̀wọ́ olómi yẹn nìkan tó ìwádìí kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní "egbò" sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ẹyọ kan

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí wa ti ń bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì kan rí ibi tó bó díẹ̀, ó kọ "egbò". Èkejì rí i, ó ní fífà lórí ṣíìtì ló fà á. Tí ìtumọ̀ ò bá dọ́gba, iye tẹ́ ẹ kà ò lórúkọ.

Ìpele mẹ́rin la ń lò. Ní ìkíní, awọ ò tíì ya, àmọ́ nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní ìkejì, awọ òkè ti bó tàbí ó ti lé ròrò. Ní ìkẹta, egbò ti jìn dé ọ̀rá abẹ́ awọ. Ní ìkẹrin, iṣan tàbí eegun ti hàn. Bí òkú ẹran ara dúdú bá bo ojú rẹ̀ tí ẹ ò lè rí ìsàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé kò ṣeé fún ní ìpele, ẹ má méfò.

Wàyí o, ìpele kìíní. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa sọ pé awọ á pọ́n, pípọ́n náà ò sì ní lọ bá a bá fìka tẹ̀ ẹ́. Awọ ta ni? Lára òyìnbó ni nǹkan ti ń pọ́n báyẹn. Lára Bàbá tó dúdú bíi kóró iṣin, ẹ lè tẹ ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé e lé eegun ìdí, kẹ́ ẹ wá gbé e lé itan: ṣé ibẹ̀ gbóná ju itan lọ ni, àbí ó tutù jù ú lọ? Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́: ṣé ó le bí ẹ̀bà àná, àbí ó ti rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n kọjá jíjẹ? Ẹ wo ojú Bàbá: ṣé wọ́n fajú ro bẹ́ ẹ ṣe fọwọ́ kàn wọ́n? Àwọ̀ ibẹ̀ lè ṣú ju ti àyíká rẹ̀. Bó bá gbé àwọ̀ àlùkò, ó lè jẹ́ pé ẹran abẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà. Ojúmọ́ ló dáa jù láti fi wò ó. Bó bá jẹ́ òru, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kó má tàn gbọnrangandan sójú awọ.

Mo rí ọ̀kan. Bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi kọ "awọ pé" sínú fáìlì wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún tá a fẹ́ nu ìdí wọn, awọ ibẹ̀ bọ́ mọ́ aṣọ ìnura bí èèpo ẹ̀wà tá a rẹ sómi. Egbò yẹn ti wà ńbẹ̀ tipẹ́. Ojú la fi ń wá ohun tó yẹ ká fọwọ́ wá.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo èyí sí ojú ìwé kan, pẹ̀lú ibi tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: ìpàkọ́, eegun èjìká, ìgbọ̀nwọ́, eegun ìdí, ìgbáròkó, ọrùn ẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àti etí pàápàá fún ẹni tó ń lo ọ̀pá afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà kí nọ́ọ̀sì méjì lọ wo aláìsàn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá fi ìwé wéra. Ẹ ṣe é fún aláìsàn mẹ́wàá. Tí ẹ bá rí ibi tí èrò yín ti yàtọ̀, ìwé ìtumọ̀ lẹ máa tún ṣe, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí àwọn ọ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe èyí, kó wo ìwádìí E-MOTIVE tó jáde ní 2023, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá lẹ́yìn ìbímọ. Ilé ìwòsàn 80 ni, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, àwọn ìyá tó bí lójú ara sì lé ní 210,000. Wọn ò kọ "ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀". Ohun tí wọ́n kọ ni pé: kí ẹ̀jẹ̀ tó dà tó mìlílítà 1,000, tàbí kí wọ́n la inú ìyá nítorí rẹ̀, tàbí kí ìyá torí rẹ̀ kú. Níbi tí wọ́n ti ń dán ọ̀nà tuntun wò, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fàlà sí lára ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá, agbẹ̀bí á sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dé ibi báyìí. Níbi tí wọ́n fẹ́ fi wé e, wọ́n tẹ́ ọ̀rá náà, àmọ́ kò ní àlà. Ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Ìwọ̀n ni wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ níbi méjèèjì. Ká ní ojú ni wọ́n fi díwọ̀n lápá kan, tí wọ́n wá lo ìwọ̀n lápá kejì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ìtọ́jú ló yàtọ̀ àbí ojú.

Níbi ọ̀nà tuntun, bí wọ́n ṣe rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ni wọ́n kó gbogbo ìtọ́jú lé e lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n fún un lóògùn tó ń mú ilé ọmọ sunkì àti tranexamic acid tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì pe ẹni tó jù wọ́n lọ. Àbájáde burúkú yẹn ṣẹlẹ̀ sí ìdá 1.6 nínú 100, nígbà tó jẹ́ 4.3 lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rá lásán ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ara wò lẹ́nu ọ̀nà

Kí wákàtí mẹ́jọ tó pé tí aláìsàn wọlé, kí ẹnì kan ti yẹ gbogbo ibi tá a kà yẹn wò. Bó bá gbé egbò wá látilé tàbí láti ilé ìwòsàn míì, "egbò àgbéwọlé" nìyẹn, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ ò lè gba ẹ̀bi rẹ̀, ẹ ò sì lè fi í pa mọ́. Àwọn tó wá látilé lẹ́yìn oṣù méjì lórí ẹní máa ń gbé egbò ìpele kẹrin wọlé. Tí ẹ ò bá kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ní ọjọ́ kẹta ó ti di tiyín.

Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n Braden díwọ̀n ewu rẹ̀. Nǹkan mẹ́fà ló ń wò: bóyá ó ń mọ ìrora lára, bí ara rẹ̀ ṣe ń tutù tó, bóyá ó ń rìn, bóyá ó lè fúnra rẹ̀ yí padà, bó ṣe ń jẹun, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń fà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 23. Bí máàkì bá ṣe kéré tó ni ewu pọ̀ tó (èyí máa ń dà wá láàmú, torí gbogbo ìdánwò tá a ti ṣe láyé wa, máàkì ńlá là ń wá). Láti 18 wálẹ̀, ẹ kà á sí ẹni tó wà léwu. Ẹ máa nílò máàkì yìí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé oṣù yìí dáa ju oṣù tó kọjá, tí ẹnì kan wá bi yín pé: "Ṣé aláìsàn oṣù yìí le tó ti oṣù tó kọjá?"

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka àwọn tí kò ní egbò náà

Bí mo bá lè rọ ohun kan ṣoṣo sí ọmọ iṣẹ́ létí, èyí ni. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ: "Wọ́ọ̀dù yín ní egbò mẹ́fà lóṣù yìí, tiwa ò ju mẹ́rin lọ." Mẹ́rin nínú mélòó?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí àpẹẹrẹ. Ká ní aláìsàn 20 ló ń sùn ní wọ́ọ̀dù A lójúmọ́, fún ọjọ́ 30. Aláìsàn kan tó sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ kan la ń pè ní ọjọ́-aláìsàn kan, nítorí náà ọjọ́-aláìsàn 600 ni wọ́n ní. Egbò tuntun mẹ́fà nínú 600 jẹ́ 10 nínú 1,000. Aláìsàn mẹ́jọ péré ló ń sùn ní wọ́ọ̀dù B, ọjọ́-aláìsàn 240. Egbò mẹ́rin nínú 240 ti tó nǹkan bíi 17 nínú 1,000. Àwọn tó ń fọ́nnu ni wọ́ọ̀dù wọn burú jù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí iye yẹn ò le. Lálaalẹ́, ní aago kan náà, kí nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ka orí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan tí wọ́n so mọ́ tábìlì. Lópin oṣù ẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwé yẹn sọnù kí n tó so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn báńdéèjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìyọ̀ǹda

Bí ẹ bá fẹ́ ka iṣẹ́ wọ́ọ̀dù yín láti tún un ṣe, ọ̀gá wọ́ọ̀dù lè fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde fáráyé kà, tàbí kẹ́ ẹ dán nǹkan tuntun wò lára èèyàn, ìwádìí ló ti dà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí nílé ìwòsàn yín. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà àpapọ̀ lórí èyí, NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, ló sì ń bójú tó o. Ẹ lọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kì í fọwọ́ sí ìwádìí tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá.

Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fún aláìsàn lórí fọ́ọ̀mù, ẹ má kọ orúkọ. Ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, inú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò ìdí ẹnikẹ́ni sórí WhatsApp wọ́ọ̀dù. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 wà nílẹ̀, ojútì tiẹ̀ wà ṣáájú òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ bi aláìsàn, àmọ́ ẹ mọ bí ẹ ṣe máa bi í

Àbájáde kì í ṣe ohun tá a fojú rí nìkan. Bí egbò bá jiná tí aláìsàn ò sì rí oorun sùn, kí la jèrè? Ṣùgbọ́n ẹ bi Màmá pé, "Ẹ kú àárọ̀ mà, báwo lara?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi." "Ṣé ó ṣì ń dùn yín?" "Ọlọ́run ń ṣe é." Ẹ ti kọ òdo sí ibi ìrora nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Màmá ò tíì fojú kan oorun látàná.

Ìkíni ni "báwo lara?" jẹ́ ní èdè wa, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi í. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí kò ní ìdáhùn àjogúnbá. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jí lóru àná? Kí ló jí yín?" "Ṣé ẹ lè jókòó títí ẹ fi jẹun tán?" Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́: ṣé ó ń ta wọ́n ni, àbí ó ń ro wọ́n, ó ń gún wọn, àbí ó ń jó wọn bí iná? Ọ̀tọ̀ ni "ó ń ta mí" ẹni tí awọ rẹ̀ bó, ọ̀tọ̀ ni "ó ń ro mí" ẹni tí egbò rẹ̀ ti wọ inú lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà, ẹ ní kí wọ́n na ìka sókè: kò sí ìka kankan, kò dùn wọ́n rárá, ìka mẹ́wàá, kò sí èyí tó jù ú lọ. Ó máa ń yé àwọn àgbà ju ìlà tá a fà sórí ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo nọ́ọ̀sì fi béèrè. Nítorí náà, Yorùbá ìbéèrè náà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù, kí olúkúlùkù má máa tú Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe lókè òkun lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnì kan ti tú u sí Yorùbá. Tí kò bá sí, kí ẹnì kan tú u, kí ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kẹ́ ẹ wá fi méjèèjì wéra. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì kẹ́kọ̀ọ́.

Bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Màmá ló yẹ kó bi wọ́n. Ta ló máa sọ lójú ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ le?

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kà á fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà

Oṣù mẹ́fà ló dára, tàbí kẹ́ ẹ máa kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹ mú sùúrù, torí bẹ́ ò bá mọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Sùúrù yìí kan iye tẹ́ ẹ̀ ń kọ nìkan o. Egbò tẹ́ ẹ bá rí lónìí, òní lẹ máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní oṣù kìíní tá a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò, egbò tá a kọ sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́ọ̀dù kọ ní gbogbo ọdún tó ṣáájú. Ọ̀gá wa kan pè mí sí ọ́fíìsì, wọn ò tiẹ̀ ní kí n jókòó: "Ṣé torí kẹ́ ẹ lè bà wá lórúkọ jẹ́ lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí?" Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Ó yẹ kí n ti lọ kìlọ̀ fún wọn ṣáájú, àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sínú àká á rí eku ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé iye náà máa gòkè ná, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Lórí ìwé onígun (graph paper), ẹ fi àmì kan síbi iye oṣù tàbí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà so wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá fa ìlà gbọọrọ kan gba àárín, tí ìdajì àmì á wà lókè rẹ̀, ìdajì á wà nísàlẹ̀. Iye á máa gòkè, á máa sọ̀, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ má ṣe jó torí oṣù kan tó dáa. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, tí àmì mẹ́fà léraléra wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà àárín yẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan ti yí padà. Excel á yà á, pẹ́ńsù àti rúlà náà á yà á.

Ẹ sì ṣọ́ra fún òdo. Bẹ́ ẹ bá wo aláìsàn 30, tí ẹnikẹ́ni ò ní egbò, ẹ má kọ ọ́ pé egbò ti tán ní wọ́ọ̀dù yín. Ìṣirò kan tó rọrùn wà: ẹ fi iye èèyàn tẹ́ ẹ wò pín 3. Ẹ̀ta tẹ́ ẹ fi 30 pín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé ó ṣì ṣeé ṣe kí egbò máa mú tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, kó kàn jẹ́ pé ẹ ṣe oríire.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: "Àwa la ṣe é." Ṣé ó dá yín lójú?

Ìtàn Florence Nightingale tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé ó gbé fìtílà dé, ikú sì dáwọ́ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kọkànlá 1854 ló dé Scutari, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Tọ́kì, pẹ̀lú obìnrin 38. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, àwọn ọmọ ogun ń kú sí i ni, bí wọ́n ti ń fọ aṣọ tó tí wọ́n sì ń sebẹ̀ tó. Oṣù kẹta 1855 ni àwọn ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán dé, tí wọ́n kó ẹ̀gbin inú gọ́tà tó wà lábẹ́ ilé náà, tí wọ́n sì ṣínà fún afẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni ikú tó já wálẹ̀. Nígbà tí Nightingale padà sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti William Farr, onímọ̀ ìṣirò kan, jókòó ti ìṣirò náà, ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní 1858: àìsàn tó ṣeé dènà ló pa ọmọ ogun jù, kì í ṣe ọgbẹ́ ogun. Ibẹ̀ ni mo ti bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn, kì í ṣe níbi fìtílà.

Tiyín ńkọ́? Ní oṣù tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí aláìsàn padà, ṣé kì í ṣe oṣù yẹn náà ni fóòmù tuntun dé? Ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kún wọ́ọ̀dù? Ṣé àwọn dókítà ò wà lórí ìyanṣẹ́lódì, tí aláìsàn tó le ò fi wọlé? Ẹ máa kọ gbogbo irú èyí sábẹ́ oṣù tó ti ṣẹlẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá wọ́ọ̀dù kejì tó jọ tiyín, tí wọn ò tíì yí nǹkan kan padà, kẹ́ ẹ jọ máa ka egbò pẹ̀lú ìtumọ̀ kan náà. Bí tiyín bá sọ̀ tí tiwọn ò sọ̀, ẹnu yín á gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Àwọn tó ti relé

Aláìsàn wa kì í pẹ́ nílé ìwòsàn tówó bá ti tán. Ẹbí á tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n á gbé e lọ, egbò á sì yọ lọ́sẹ̀ kejì níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti kà á. Ọjọ́ tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ ti gba nọ́ńbà fóònù méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó. Kẹ́ ẹ sì gba ìyọ̀ǹda láti pè wọ́n. Lọ́jọ́ 30 ẹ pè: "Ẹ kú ilé o. Bàbá ńkọ́?" Ẹ lo àkókò díẹ̀ lórí ìkíni kẹ́ ẹ tó béèrè nípa ìdí. Nígbà míì, ohùn ẹni tó gbé fóònù á ti sọ fún yín pé Bàbá ti lọ. Ẹ bá wọn kẹ́dùn, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ikú náà wà lára àbájáde. Iye àwọn tẹ́ ò rí pè, ẹ kọ òun náà síbi tó hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ibi tí ìwé náà ń lọ

Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá nọ́ọ̀sì. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sí lórí rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi iye egbò nà nọ́ọ̀sì kan lẹ́gba ọ̀rọ̀ ni egbò máa tán nínú ìwé, tí yóò sì wà lára èèyàn. Kẹ́ ẹ sì fi awọ kún ohun tẹ́ ẹ fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín láàárọ̀: "Bẹ́ẹ̀dì 7, ìdí gbẹ, gìgísẹ̀ òsì gbóná díẹ̀, a ti fi pílò gbé e."

Tiwa, egbò dín kù, àmọ́ ó dúró síbì kan, kò sọ̀ mọ́. Nígbà tá a wo àsìkò tá a ń kọ́kọ́ rí wọn, ọ̀pọ̀ jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń dá wọ́ọ̀dù dì lóru. Ẹnì kan ò lè dá yí àgbàlagbà tó sanra padà láìwọ́ ìdí rẹ̀ nílẹ̀. Linda Aiken, nọ́ọ̀sì olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ irú rẹ̀ jáde ní 2002, láti ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania: aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 kún ewu ikú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, láàárín ọjọ́ 30. Nítorí náà, nígbà tá a ya àwòrán tá a fẹ́ gbé lọ bá àwọn aláṣẹ, ìlà méjì la yà sójú ìwé kan náà: iye egbò lókè, iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru nísàlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ara wọn. A ò kọ ẹ̀bẹ̀ kankan sí i. Ẹ ya tiyín báyẹn.